Bí Ẹ Ṣe Lè Gba Oríkì Ilé Yín Sílẹ̀ Kí Ó Má Bàa Bá Fóònù Kú

Fóònù ni mo ń tún ṣe ní Dùgbẹ̀, n'Ìbàdàn. Ó ti lé ní ọdún mẹ́rìnlá tí mo ti wà nídìí iṣẹ́ yìí. Bí ẹnìkan bá gbé fóònù tó bọ́ sómi wá, kó tó béèrè iye tí màá gbà ló ti máa ń bi mí pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé nǹkan inú ẹ̀ ò ní lọ?" Àwọn kan wà tí wọ́n á ní kí n má wulẹ̀ wo síkírìnì, kí n ṣáà bá àwọn yọ ohùn ìyá àwọn jáde. Irú wọn kì í dúnàádúrà rárá.

Ó ti ṣe èmi náà. Lọ́dún 2014, mo lọ kí Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ní Ọ̀fà. Mo gba ohùn wọn sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì. Wọ́n ki bàbá àgbà, wọ́n ki bàbá mi, wọ́n wá kì mí. Inú fóònù ni mo fi í sí, mi ò fi síbòmíràn. Lọ́dún 2016, fóònù yẹn bọ́ sínú gọ́tà lọ́jọ́ òjò kan. Èmi tí mò ń tún ti gbogbo ayé ṣe! Mo tú u, mo fi sípírítì fọ páńẹ́ẹ̀lì rẹ̀, mo gbé e sídìí iná títí, kò dáhùn. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Ìyá Àgbà lọ. Gbogbo owó tí mo ná sórí ìnáwó wọn kò dùn mí tó ìṣẹ́jú mẹ́tàlélógójì yẹn.

Bí mo ṣe ṣe é lẹ́ẹ̀kejì ni mo fẹ́ sọ fún yín, pẹ̀lú Màmá Kékeré, ìyàwó àbúrò bàbá àgbà wa, ní 2019. Ká tẹ fóònù kó máa gba ohùn, ọmọdé lè ṣe ìyẹn. Ohun tó kù ló níṣẹ́ nínú.

Ẹni tí ẹ óò lọ bá

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń sáré lọ bá olórí ẹbí. Ní ilé tiwa, àwọn ìyàwó ilé ló mọ oríkì jù. Obìnrin tí wọ́n gbé wọlé kì í pe àwọn ọmọ tó bá nílé lórúkọ, oríkì àti orúkọ tó bá fún wọn ni yóò fi máa pè wọ́n. Òun ni yóò máa ki ọkọ, tí yóò máa ki ọmọ láràárọ̀. Bó bá fi máa di ogójì ọdún, ọmọ bíbí ilé wo ló fẹ́ bá a dù ú? Ọmọ Ìkòyí ni Ìyá Àgbà, síbẹ̀ ẹnu wọn ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ pé ìjàkadì lorò Ọ̀fà. Ti ilé bàbá tiwọn náà ò sì kúrò lẹ́nu wọn, ẹ̀ṣọ́ Ìkòyí tí kì í gbọfà lẹ́yìn, tó jẹ́ pé iwájú gangan ní í fi í gbọgbẹ́. Ẹnu kan, oríkì ilé méjì. Ẹ béèrè méjèèjì.

Ẹ má kàn já wọlé kí ẹ na fóònù sí àgbàlagbà lẹ́nu. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ tí mo lọ bá Màmá Kékeré, búrẹ́dì àti obì ni mo gbé dání, fóònù wà lápò. A sọ̀rọ̀ iṣu tó wọ́n, a sọ̀rọ̀ orúnkún wọn tó ń dùn wọ́n. Ìgbà tí mo fẹ́ máa lọ ni mo tó sọ ohun tó gbé mi wá. Wọ́n ní, "Àkànní, kí lo fẹ́ fi ṣe?" Ẹ ní ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn kí ẹ tó kúrò nílé, torí wọn yóò bi yín. Mo ní mo fẹ́ kí ọmọ mi mọ̀ ọ́n. Wọ́n ní kò burú, ṣùgbọ́n èyí tí àwọn bá ní kí n má gbé síta, kí ó má dé ìta. Mo dọ̀bálẹ̀, mo gbà.

A kì í ki afẹ́fẹ́

Ibí gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ sí. Lọ́jọ́ tí mo padà lọ, mo gbé fóònù kalẹ̀, mo ní, "Màmá, ó yá, ẹ máa ki ilé wa." Màmá Kékeré bẹ̀rẹ̀. Wọ́n sọ bí ìlà mẹ́ta, wọ́n dákẹ́. Wọ́n tún un bẹ̀rẹ̀, ó tún dá mọ́ wọn lẹ́nu. Wọ́n ní, "Ó ti kúrò lórí mi." Mo rò pé ogbó ni. Ojú ń ti àwọn, ojú ń ti èmi náà, mo ti fẹ́ pa fóònù. Àfi bí ọmọbìnrin mi, ọmọ ọdún mẹ́fà nígbà yẹn, ṣe ti ẹ̀yìnkùlé wọlé, tó kúnlẹ̀ kí wọn. Màmá na ọwọ́, wọ́n gbé e lé e lórí, wọ́n ní, "Àbẹ̀kẹ́." Ohùn wọn yí padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ó wá ń tú jáde bí ìgbà tí ènìyàn bá da àgbàdo sínú igbá. Ìṣẹ́jú méjìdínlógún gbáko, agbára káká ni wọ́n fi ń mí. Ọmọ náà kò mira. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, ó ní, "Ṣé èmi ni wọ́n ń sọ gbogbo ìyẹn fún?"

Òun ni, òótọ́ ni. Ènìyàn là ń kì. Àgbàlagbà tí ẹ bá ní kó máa sọ oríkì fún fóònù, bí ẹni tí ẹ ní kó máa kí ògiri "ẹ káàárọ̀" ni. Nítorí náà, ẹ mú ẹni tí wọn yóò kì dání. Bí kò bá sí ọmọdé nítòsí, ẹ̀yin fúnra yín ẹ kúnlẹ̀ tàbí kí ẹ dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n rí orí gbé ọwọ́ lé. Bó bá jẹ́ orin ọlọ ni ẹ fẹ́, ẹ jẹ́ kí wọ́n dúró sídìí ọlọ, kí ẹ da ata sí i. Bó bá jẹ́ àlọ́, ẹ wá àwọn ọmọ tí yóò gbe orin rẹ̀.

Bí wọ́n bá ti wọ inú rẹ̀, ẹ má dá sí i. Ikọ́ wọn, ẹ̀rín wọn, ibi tí wọ́n ti ní "ẹ gbé omi fún mi," ẹ fi gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá sinmi ni kí ẹ tó béèrè: Ta ló kọ́ yín? Ta ni ẹni tí ẹ dárúkọ láàárín yẹn? Kí ni ọ̀rọ̀ yìí ń wí? Bí wọ́n bá ní àwọn ò mọ̀, pé bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a, ẹ kọ ọ́ pé wọ́n ní bẹ́ẹ̀ làwọn ṣe bá a. Ẹ má fi tiyín dí i.

Fóònù yín tó

Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni ta ẹ̀rọ olówó ńlá fún yín. Ibi tí ẹ bá gbé fóònù sí ló ń ba ohùn jẹ́ jù. Ẹ pa fáànù. Ẹ má ṣe é nígbà tí òjò bá ń rọ̀ sórí páànù, ẹ má sì ṣe é nígbà tí NEPA bá mú iná lọ tí jẹnẹrétọ̀ àwọn ará àdúgbò ń ké. Ewúrẹ́ àti àkùkọ, a ò lè rí tiwọn ṣe. Mo ká ìró ìyàwó mi ní ìṣẹ́po mẹ́rin, mo tẹ́ ẹ sórí àpótí, mo wá gbé fóònù lé e. Bí fóònù bá wà lórí pákó lásán, gbogbo ìgbà tí ẹnìkan bá fọwọ́ kan àpótí náà ni yóò máa dún gbì-gbì nínú ohùn. Kí àárín fóònù sí ẹnu wọn tó gígùn rúlà ọmọ iléèwé. Ihò kékeré tó wà nísàlẹ̀ fóònù ni kó kọjú sí wọn, ibẹ̀ ni ohùn ń gbà wọlé. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó gbẹ gbọn eruku rẹ̀ kúrò. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi abẹ́rẹ́ gún un. Èyí tí wọ́n ti gún bàjẹ́ kì í wọ́n lórí tábìlì mi.

Ẹ tan "airplane mode" kí ìpè má bàa já a. Ẹ kọ́kọ́ gba ìṣẹ́jú kan sílẹ̀, kí ẹ fi íápíìsì gbọ́ ọ kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀. Ẹ má lo ibi tí wọ́n ti ń fi ohùn ránṣẹ́ lórí WhatsApp. WhatsApp máa ń fún ohùn pọ̀ kí ó lè fúyẹ́ rìn. Fún "ẹ ti jí bí," ó tó. Fún oríkì, kò tó. Ẹ lo agbohùnsílẹ̀ inú fóònù fúnra rẹ̀, bí sẹ́tíńgì rẹ̀ bá sì ní WAV, irú fáìlì tí kì í gé ohùn dànù, òun ni kí ẹ mú. Ó wúwo o: ní mono, ìyẹn ohùn ojú kan, wákàtí kan lè jẹ nǹkan bí 320 MB, nígbà tí MP3 oní-128 kbps, irú fáìlì tó ń fún ohùn pọ̀, kò ní kọjá 60 MB. Ṣùgbọ́n ohun tí MP3 bá gé dànù ti lọ nìyẹn. Ẹ lè sọ WAV di MP3 nígbàkúùgbà, ẹ ò lè mú MP3 padà sí ohun tí kò sí nínú rẹ̀ mọ́.

Ohun kan tún wà tí kò náni ní kọ́bọ̀. Kí Màmá tó la ẹnu, ẹ fi ohùn ara yín sọ ọjọ́, ìlú, agboolé, ẹni tó fẹ́ sọ̀rọ̀ àti àwọn tó jókòó tì í. Oníbàárà mi kan gbé fíláàṣì kan wá, ohùn mọ́kànlélógún ló wà lórí rẹ̀, gbogbo wọn ń jẹ́ AUD àti nọ́ńbà gbọọrọ. Bàbá rẹ̀ wà nínú wọn níbìkan, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀, ohùn gbogbo wọn sì jọra. Kò mọ èwo ni bàbá òun.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an

Ẹ má sùn kí ẹ tó fún un lórúkọ. Bí tèmi ṣe rí nìyí: 2019-08-17_Ofa_MamaKekere_oriki_01.wav. Mo fi ọdún ṣáájú kí kọ̀ǹpútà lè tò wọ́n tẹ̀lé ara wọn. Mi ò fi àmì sórí rẹ̀, mi ò fi sísàlẹ̀ rẹ̀. Kò tọ́ sí Yorùbá, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni kọ̀ǹpútà lè gbà kọ "ọ" sínú ara rẹ̀: ó lè jẹ́ lẹ́tà kan ṣoṣo, ó sì lè jẹ́ "o" tí wọ́n fi àmì ìsàlẹ̀ lẹ̀ mọ́. Lójú yín ọ̀kan náà ni. Lójú kọ̀ǹpútà, ó lè di orúkọ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ ó sì wá fáìlì yín tì.

Inú ìwé tí ẹ bá ti ń kọ ọ̀rọ̀ inú ohùn náà sílẹ̀ ni kí ẹ fi gbogbo àmì sí, láìku ẹyọ kan. Ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀, ọ̀kọ̀: bí ẹ bá kọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bákan náà sínú oríkì, ta ni yóò mọ̀ lọ́la bóyá ọkọ ìyàwó ni Màmá ń wí, tàbí ọkọ́ tí a fi ń roko, tàbí ohun tí wọ́n gbé lọ sójú ogun? Gboard, ètò tí a fi ń tẹ ọ̀rọ̀ lórí fóònù, ní bọ́tìnnì Yorùbá, ọ̀fẹ́ ni. Ohùn ìṣẹ́jú márùn-ún máa ń gbà mí tó wákàtí kan láti kọ, nítorí náà díẹ̀díẹ̀ ni mò ń ṣe é, lẹ́yìn tí mo bá ti ti ṣọ́ọ̀bù. Mo dán ètò tó ń gbọ́ ohùn tó sì ń kọ ọ́ fúnra rẹ̀ wò. Níbi tí Màmá ti ní Ọlọ́fà, ó kọ ọlọ́pàá. Mo pa á.

Bí wọ́n bá ṣe pe ọ̀rọ̀ ni kí ẹ kọ ọ́. Ẹ má tún un ṣe kó lè jọ ti ìwé iléèwé.

Ẹ̀dà mẹ́ta, ilé mẹ́ta

Àlùfáà Samuel Johnson tó ṣiṣẹ́ ní Ọ̀yọ́ parí ìwé ńlá rẹ̀ lórí ìtàn Yorùbá ní 1897. Ó fi ránṣẹ́ sí ìlú òyìnbó fún títẹ̀, ibẹ̀ ló sì sọ nù sí. Ó kú ní 1901, kò rí i. Àbúrò rẹ̀, Dókítà Obadiah Johnson, kó àwọn àkọsílẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fi sílẹ̀ nílé jọ, ó sì tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ní January 1916, apá kìn-ín-ní wọ ọkọ̀ Appam láti Èkó. Ogun ń lọ lọ́wọ́. Ọkọ̀ ogun àwọn ará Jámánì mú Appam lójú òkun, Amẹ́ríkà ló bá ara rẹ̀. Ó tó nǹkan bí ọdún méjì kí ìwé náà tó dé ọ̀dọ̀ àwọn atẹ̀wé. Dókítà náà kú ní 1920, ìwé sì jáde ní 1921. Ìtàn tí gbogbo wa ń tọ́ka sí lónìí, takada wẹ́wẹ́ tí ẹnìkan ò jù nù ló yọ ọ́. Nígbà tí mo gbọ́ èyí, fóònù mi inú gọ́tà yẹn ló sọ sí mi lọ́kàn.

Tèmi wà níbi mẹ́ta báyìí. Ọ̀kan wà lórí háàdì dísìkì nílé mi. Ọ̀kan wà lórí fíláàṣì lọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Ìlọrin, kó lè jẹ́ pé bí iná bá jó ilé mi, kò jó tiwọn. Ìkẹta wà lórí Google Drive, ibi ìfipamọ́ orí íńtánẹ́ẹ̀tì, àbúrò mi tó wà ní London sì ń rí i níbẹ̀. Google ń fúnni ní 15 GB lọ́fẹ̀ẹ́, ṣùgbọ́n ìméèlì yín àti àwọn fọ́tò yín jọ ń pín in ni. Bí ẹ bá sì pa àkáǹtì yẹn tì fún ọdún méjì láìwọ̀ ọ́, wọ́n lè pa á rẹ́. Nítorí náà, mo kọ páswọ́ọ̀dù rẹ̀ sínú ìwé kékeré kan tí ìyàwó mi mọ ibi tó wà. Àwọn oníbàárà máa ń wá bá mi kí n bá àwọn ṣí fóònù òkú. Ẹ̀yin náà ẹ rò ó wò.

Ẹ ṣọ́ra fún káàdì mẹ́mórì ọjà. Ọ̀pọ̀ ló wà tí wọ́n kọ 128 GB sí lára, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ kò ju 8 lọ. Ìwà ọ̀dàlẹ̀ rẹ̀ ni pé kò ní kọ̀. Yóò gba gbogbo ohun tí ẹ bá kó sí i, yóò fi orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan hàn yín, àfi ọjọ́ tí ẹ bá fẹ́ ṣí i tí ẹ ó rí i pé òfìfo ni. Bí ẹ bá ra tuntun, ẹ kó fídíò sí i títí yóò fi kún bámúbámú, kí ẹ wá ṣí gbogbo wọn, àtèyí tí ẹ kọ́kọ́ kó sí i àtèyí tí ẹ kó sí i gbẹ̀yìn. Bí wọ́n bá ṣiṣẹ́ látòkè dé ìsàlẹ̀, ẹ pa wọ́n rẹ́, ẹ máa lò ó. Ètò ọ̀fẹ́ kan tó ń jẹ́ H2testw náà lè bá yín dán an wò lórí kọ̀ǹpútà.

Bó bá jẹ́ kásẹ́ẹ̀tì ló wà nílé

Ẹ wò ó dáadáa kí ẹ tó fi sínú ẹ̀rọ. Bí funfun bí ìyẹ̀fun bá ti hù sí ara téèpù rẹ̀, ẹ má lù ú, yóò já. Ẹ fi òwú àti sípírítì nu orí ẹ̀rọ náà. Ẹ fi bírò wé téèpù tó bá dẹ̀. Ẹ ṣẹ́ ike kékeré méjì tó wà létí rẹ̀ lókè kí ẹnikẹ́ni má bàa fi orin tuntun pa ti bàbá yín rẹ́. Ẹ wá ti wáyà láti ihò íápíìsì rédíò sí kọ̀ǹpútà, kí ẹ fi Audacity, ètò ìgbohùnsílẹ̀ orí kọ̀ǹpútà, gbà á, ọ̀fẹ́ lòun náà. Kò sí ọ̀nà àbùjá: kásẹ́ẹ̀tì oní-60 yóò gba ọgọ́ta ìṣẹ́jú. Ẹ jókòó tì í, ẹ máa gbọ́.

Èyí tó lè jáde, èyí tó máa wà nílé

Internet Archive àti Wikimedia Commons, ibi tí wọ́n ń kó nǹkan pamọ́ sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì fún gbogbo ayé, ń gba ohùn lọ́fẹ̀ẹ́. Lórí Commons, ẹ ó ti fún gbogbo ayé láṣẹ láti lò ó, ẹ ò sì lè gba àṣẹ yẹn padà. Ìdí nìyẹn tí mo fi padà lọ bá Màmá Kékeré, tí mo fi gbogbo rẹ̀ fún wọn gbọ́ látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Inú wọn dùn sí ohùn ara wọn, wọ́n ní àwọn ò mọ̀ pé ohùn àwọn ti gbó tó bẹ́ẹ̀. Oríkì Ọ̀fà, wọ́n ní kí n gbé e jáde. Ìwúre tí wọ́n ṣe fún ọmọ mi, wọ́n ní tilé ni. Ibì kan tún wà tí wọ́n ti dárúkọ agboolé méjì tó jà nígbà kan. Wọ́n ní kí n dá a dúró níbẹ̀ yẹn, kí n dá a padà sẹ́yìn. Wọ́n gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kejì. Wọ́n ní, "Èyí ò gbọdọ̀ jáde. Àwọn ọmọ wọn ṣì ń kí wa."

Gbogbo èyí tó jẹ́ tilé, mo fi ILE parí orúkọ rẹ̀, ó sì wà nínú fódà tirẹ̀. Àbúrò mi ní London mọ̀ pé òun ò gbọdọ̀ fi ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Lọ́dọọdún, ní ìrántí Ìyá Àgbà, mo máa ń ṣí ẹ̀dà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, mo sì máa ń gbọ́ ìṣẹ́jú kan nínú fáìlì kọ̀ọ̀kan. Lọ́dún yìí, fíláàṣì Ìlọrin kọ̀, kò ṣí. Mo gbìyànjú lé e títí, mo jù ú sínú ike tí mò ń kó òkú fóònù sí. Mo da ti háàdì dísìkì sórí tuntun, mo fi bírò kọ ọjọ́ sí i lára, mo sì gbé e fún awakọ̀ tó ń lọ sí Ìlọrin lọ́jọ́ kejì. Ẹ̀gbọ́n mi pè mí nírọ̀lẹ́ pé ó ti dé, pé àwọn ti ń gbọ́ ọ, pé ta ni ọmọ tó ń béèrè ìbéèrè níparí yẹn.